Ta Ní Ń Jẹ Iná Ilé Wa?

Badagry,
9 Oṣù Kẹwàá, 1984.

Rewájú ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa wà níbí, a ń dúpẹ́. Ẹsẹ̀ mi ti sàn, má tún béèrè rẹ̀. Lẹ́tà tí o kọ lóṣù Keje gba ọjọ́ mẹ́rìndínlógójì kí ó tó dé ọwọ́ mi. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti ti ẹnubodè Seme pa, kò sí ẹni tí yóò bá mi mú lẹ́tà gba Kútọnu wá sọ́dọ̀ rẹ ní Abidjan mọ́. Sítáǹbù ni mo ń rà báyìí, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ojú méjèèjì bébà. Má ṣe sọ pé ó nira láti kà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Iná ilé yìí ń ṣẹ́jú. Kì í ṣe pé àwọn oníná mú un lọ, nítorí ti Zinsu apẹja tí ògiri wa kan tirẹ̀ máa ń tàn gbọnrangandan ní àkókò náà. Tiwa a dákú, a jí, a tún dákú. Ó ti jó gílóòbù mẹ́ta láàárín oṣù kan, owó tí à ń fi ra méjì tẹ́lẹ̀ kò sì ra ẹyọ kan mọ́, bí o bá tiẹ̀ rí i rà. Mo ti pa ti pálọ̀ tì. Níbi tí mo bá ti jókòó nìkan ni mo ń tan iná sí.

Mo pe Adédìran, oníṣẹ́ iná àdúgbò wa. Ó dé láàárọ̀ kùtùkùtù, ó tú súìṣì wò, ó tú fíúsì wò, ó dúró fún wákàtí méjì. Iná kò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Màmá, iná yín dà bí ọmọ tó ń ké ní gbogbo òru, tí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, a máa rẹ́rìn-ín." Ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, iná tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

O rántí Ganiyat, olùkọ́ ará Ìsẹ́yìn tó háyà yàrá ẹ̀yìn, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Láídé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìjọba kò tíì san owó oṣù wọn láti oṣù Kẹfà, kẹrosíìnì sì ti di ohun tí à ń tò sí ìlà láti ìdájí. Nítorí náà, sítóòfù oníná ló fi ń dáná. Mi ò tíì sọ nǹkan kan o. Mo kàn ń wò ó ni.

Kí ni kí n ṣe? Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ nínú wa.

Èmi ìyá rẹ,
Dosi.


Treichville, Abidjan,
29 Oṣù Kẹwàá, 1984.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀. Inú mi dùn pé ẹsẹ̀ yín ti sàn, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ irú oògùn tí ẹ lò, ẹ ò sì sọ bóyá ẹ tilẹ̀ lo oògùn kankan. Mo mọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí owó fìyà jẹ ara yín.

Ọ̀rọ̀ iná yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ nìyẹn, páńkẹ́rẹ́ àti pákó ló wà lókè àjà rẹ̀. Bí iná bá ń ṣẹ́jú, wáyà kan kò di ara wọn mú níbì kan nìyẹn, ibẹ̀ a sì máa gbóná. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o.

Níbi tí mo ti ń ṣe fìríìjì níhìn-ín, ọ̀gá wa máa ń sọ pé àrùn tó bá ń lọ tó ń bọ̀, ìwé ni a fi ń mú un. Ẹ ra ìwé ọmọléèwé kan. Ẹ máa kọ ọjọ́ tó ṣẹ́jú, aago tó ṣẹ́jú, iye ìgbà tó ṣẹ́jú, àti ẹni tó wà nílé pẹ̀lú ohun tó ń lò. Ẹ ṣe é fún oṣù kan ó kéré tán, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ lè ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka àgbọn ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún láìṣì í kà.

Ní ti ìyá Láídé, mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé sítóòfù oníná kan ń jẹ ju gílóòbù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ọmọ yín,
Rewájú.


Badagry,
7 Oṣù Kìíní, 1985.

Rewájú,

Ẹ kú ọdún o. A ṣe ọdún tiwa pẹ̀lú ẹja tí Zinsu fún mi àti ìrẹsì tí mo fi wákàtí mẹ́ta tò fún. Oògùn ẹsẹ̀ tí o ń béèrè, àdí àgbọn ni mo fi ra á, èyí tí mo sè fúnra mi. Ó sàn. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tán.

Mo ti ṣe ohun tí o wí. Mo ya ìlà mẹ́rin sínú ìwé, mo so bírò mọ́ ọn. Mo da ojú ewé rẹ̀ kọ, mo fi í sínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ àkópọ̀ rẹ̀ fún ọ. Láti ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kọkànlá títí di ogúnjọ́ oṣù Kejìlá, ọjọ́ méjìlélọ́gbọ̀n ni. Nínú rẹ̀, iná ṣẹ́jú ní ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Iye ìgbà tó ṣẹ́ jẹ́ mẹ́tàlélógóje. Kò ṣẹ́jú láàárọ̀ rí. Aago méjì ọ̀sán sí aago méje alẹ́ ni, nígbàkígbà tó bá ṣẹ́jú.

Aago mélòó ni Ganiyat ń ti iléèwé dé? Aago méjì.

Mo bi í léèrè. Mo ní, "Olùkọ́, ṣé ìkòkò rẹ ló ń mu iná wa báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá wa, ẹ̀wà ni mo gbé kaná. Ẹ̀wà ń mu omi, kì í mu iná." Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó sì pa sítóòfù rẹ̀.

Ẹ̀rí tó wá tóbi jù nìyí. Wọ́n ti iléèwé, òun àti Láídé lọ sí Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n lò. Rewájú, ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rìndínlógún yẹn, iná kò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo tan ti pálọ̀ pẹ̀lú, mo jókòó sábẹ́ rẹ̀, mo ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Kò mi.

Ó dùn mí, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń ra, mo ti ń tà fún ogójì ọdún, ìṣirò kò tíì purọ́ fún mi rí. Mo sọ ọ́ níbi ẹ̀rọ omi pé bí iná bá ń lọ, ẹni tó ń jẹ ẹ́ ń bẹ nínú ilé. Àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ ẹni tí mò ń bá wí.

Ilé bàbá rẹ ni, ìwọ ni àrólé rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá rẹ,
Dosi.


Treichville, Abidjan,
29 Oṣù Kìíní, 1985.

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Mo fi han ọ̀gá mi, kò lè ka Yorùbá, ṣùgbọ́n ó wo àwọn nọ́ńbà, ó ní tí òun bá ní akọ̀wé bẹ́ẹ̀, òun ì bá ti lówó.

Ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Wáyà ilé yẹn ti gbó, kò lè gbé ẹrù sítóòfù. Ó lè jó ilé mọ́ yín lórí, ẹ̀yin nìkan ni mo sì ní. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní lè sọ fún un pé kó má dáná, nítorí ó gbọ́dọ̀ jẹun. Nítorí náà, ẹ ní kí ó wá ilé mìíràn títí ìparí oṣù Kejì. Ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹnubodè bá ṣí, mo ń bọ̀ wá tún wáyà náà ṣe látòkè délẹ̀.

Ẹ má ṣàánú ju bó ṣe yẹ lọ o, Ìyá.

Rewájú.


Treichville, Abidjan,
20 Oṣù Kejì, 1985.

Ìyá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Bí ẹ kò bá tíì sọ fún ìyá Láídé, ẹ má sọ ọ́. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ gbà á padà lẹ́nu ara yín.

Òjò kan rọ̀ níbí, a kò rí iṣẹ́ ṣe, mo sì mú ojú ewé tí ẹ fi ránṣẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sínú lẹ́tà ni mo gbà gbọ́, mi ò ka ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ọjọ́ Sunday. Sunday mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ pé láàárọ̀ Sunday ni Ganiyat ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀, fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Iná kò ṣẹ́jú rárá láàárọ̀ Sunday. Ẹ tún kọ ọ́ pé lọ́sàn-án, òun àti ọmọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, wọ́n lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Gbaji. Ní Sunday kẹta, iná ṣẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún. Ta ló ń dáná nínú yàrá títì?

Mi ò mọ ohun tó ń ṣe iná náà, Ìyá. Mo kàn mọ̀ pé kì í ṣe òun. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí sáré ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Rewájú.


Badagry,
18 Oṣù Kẹta, 1985.

Rewájú ọmọ mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ èkejì dé ní Thursday tó kọjá. Ganiyat ti kó lọ láti ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejì.

Ọmọlanke kan ló kó ẹrù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ tó bọ̀. Gbogbo àdúgbò jáde wò ó. Kò bá mi jà. Ó ní, "Ìyá wa, mo ti gbá yàrá." Nígbà tó lọ tán, mo wọlé lọ wò ó. Ó gbá a lóòótọ́, ó tún fi omi nù ún. Mo tì í, mo fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́.

Ní Monday tó tẹ̀lé e, ní aago mẹ́ta, iná ṣẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo ṣí yàrá rẹ̀ bí ẹni pé mo máa bá a níbẹ̀. Òfìfo. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ni mo fi gbé e mọ́ra, tí iná ń ṣẹ́jú tí mi ò kọ ọ́ sínú ìwé mọ́, títí lẹ́tà rẹ fi dé. Ìgbà náà ni mo mú ìwé náà lọ bá Zinsu.

Zinsu kò mọ̀wé. Ó ní kí n ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun. Mo ní, "Ọjọ́, aago, iye ìgbà, ẹni tó wà nílé."

Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ayálégbé mi."

Ó ní, "Ó ti ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó fi ọ́ fọ́kọ, Dosi. Aago méjì ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ òkun ń wọlé. Tó bá di alẹ́, a rọlẹ̀. Láàárọ̀ kò sí i. Ìwọ ń gbé etí òkun, o kò mọ̀?"

Mo ní, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ọdún Kérésì ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọyẹ́ ni. O kò rí i bí ètè gbogbo wa ṣe là? Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò ta ìgbòkun, àjẹ̀ ni mo fi ń wa ọkọ̀, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Afẹ́fẹ́ òkun kò wọlé."

 Ìlà mẹ́rin ni mo ya sínú ìwé, ìkarùn-ún tí mi ò yà ló ṣe pàtàkì.

A jáde síta ní aago mẹ́ta ọjọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, bàbá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí iná kọ́kọ́ dé àdúgbò yìí, òpó jìn sí ilé wa. Wọ́n ní kí a fi òpó kan kún un kí wáyà má baà sọ̀ kalẹ̀. Bàbá rẹ fẹ́ rà á. Èmi ni mo ní rárá, òpó kan kò mọ́gbọ́n dání nígbà tí àgbọn dúró sí àárín ọ̀nà láìgba owó. Ó kan wáyà mọ́ ọn. Àgbọn náà kò ga ju òrùlé lọ nígbà yẹn. Ní báyìí, orí rẹ̀ ti wà lókè lọ́hùn-ún. Ìṣó kò kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n orí tó ga ni afẹ́fẹ́ ń mú, tó bá sì tẹ̀, gbogbo ìdí a bá a tẹ̀.

Zinsu dúró sábẹ́ àgbọn, èmi jókòó sí pálọ̀. Tí igi bá tẹ̀, òun a pariwo, "Ó tẹ̀!" Tí iná bá ṣẹ́, èmi a ní, "Ó ṣẹ́!" Àwọn tó ń kọjá rò pé a ti ya wèrè. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ló tẹ̀, ẹ̀ẹ̀mọkànlá ló ṣẹ́. Kò ṣì lẹ́ẹ̀kan.

Adédìran dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí àwọn oníná ti bá wa pa iná láti òkè òpó. Ó gun àkàbà dé ibi tí wáyà ti wọ abẹ́ òrùlé. Fífà tí igi ń fà á ti tú ìsopọ̀ rẹ̀, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ sì ti jẹ bàbà inú rẹ̀, ó ti ṣe àwọ̀ ewé. Pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ó fi han mí, ó ní, "Màmá, bí oṣù kan bá tún kọjá, òrùlé lẹ̀ bá máa da omi sí." Zinsu fún mi ní ọ̀pá ìgbòkun rẹ̀ àtijọ́, a rì í mọ́lẹ̀, òun ló ń gbé wáyà báyìí. Adédìran gé èyí tó bàjẹ́ kúrò, ó so ó pọ̀ dáadáa. Iná dúró. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, iná dúró ṣinṣin.

Mi ò lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ kí inú mi dùn. Wọ́n ní Ganiyat wà ní Aradagun, ní pálọ̀ olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ó ń wọ ọkọ̀ wá síbi iṣẹ́ pẹ̀lú owó oṣù tí kò tíì rí gbà. Mi ò tíì lọ. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi.

Dosi.


Treichville, Abidjan,
9 Oṣù Kẹrin, 1985.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sì fẹ́ dìde. Èmi ni mo ní kí ẹ lé e. Ẹ̀yin bi mí léèrè ni, èmi ni mo dáhùn, mo sì dáhùn kí n tó ka ìwé tán. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ru ara yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí Aradagun. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ kọ́ ni kò gbé yín. Ẹ sọ fún un pé kí ó máa bọ̀ nílé, kò ní san owó ilé fún oṣù mẹ́ta, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá bú yín, kí ẹ gbà á fún mi. Bí ẹlòmíràn bá ti gba yàrá náà, ẹ fún un ní tèmi.

Ẹ bá mi kí Zinsu. Ẹ ní ọmọ yín sọ pé òun ni oníṣẹ́ iná tó dára jù ní Badagry.

Rewájú.


Badagry,
20 Oṣù Karùn-ún, 1985.

Rewájú ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì jíṣẹ́ rẹ fún Zinsu. Ó ní kí o fi owó iṣẹ́ ránṣẹ́.

Mo lọ sí Aradagun ní Saturday kan. Ganiyat fi omi lọ̀ mí, ó fi àga fún mi, ìjókòó kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí òpó tí mi ò jẹ́ kí a rà. Mo sọ ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta tí o wí. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Ó ní, "Mà, kì í ṣe owó ilé ló lé mi. Wọ́n pe ọmọ mi ní ọmọ olè iná níbi ẹ̀rọ omi. Ẹ bẹ̀ mí nínú pálọ̀ yìí, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ibí kọ́ lẹ ti sọ èkínní."

Mo ní, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ẹ ti sọ ọ́."

Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo wà láyé, mi ò tíì dúró níwájú ènìyàn gba ẹ̀bi rí. Mo sùn lé e lọ́jọ́ mẹ́ta. Ní ìdájí Wednesday, mo gbé garawa mi lọ síbi ẹ̀rọ omi. O mọ ayé ìtò yìí, gbogbo wọn wà lórí ìlà, obìnrin mẹ́rìnlélógún. Mo kà wọ́n, mi ò lè ṣe kí n má kà wọ́n. Mo bọ́ síwájú, wọ́n rò pé mo fẹ́ já ìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Mo ní, "Mi ò wá pọn omi. Mo sọ níbí pé ẹnìkan ń jẹ iná ilé mi, ẹ sì mọ ẹni tí mò ń bá wí. Irọ́ ni mo pa. Wáyà tí mo ní kí ọkọ mi kàn mọ́ àgbọn nítorí owó òpó ló ń ṣẹ́jú. Olùkọ́ Ganiyat kò mú nǹkan kan."

Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Ṣé àgbọn ló wá ń jẹ iná, Ìyá Rewájú?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lẹ́yìn náà ni mo padà sí ẹ̀yìn ìlà.

Ọ̀rọ̀ ń rìn ju ọkọ̀ lọ. Ní Saturday tó tẹ̀lé e, ọmọlanke dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo bá wọn gbé ẹrù wọlé. Ó kọ oṣù mẹ́ta rẹ, ó ní tí ìjọba bá san owó oṣù, òun á san tòun.

Ó ti ń gbé níbí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kí mi lálẹ́, kò sí àrífín. Ṣùgbọ́n Ìyá Onílé ló ń pè mí. Tẹ́lẹ̀, Ìyá wa ni. Mo ń jẹ́ ẹ. Mi ò lérò pé mo ní ẹ̀tọ́ láti bi í léèrè ìgbà tí yóò yí i padà, tàbí bóyá yóò yí i padà.

Mo ti sọ tèmi, níbi tó yẹ kí n sọ ọ́. Tìrẹ ló kù. Ìwọ lo ní kí n lé e, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo ka lẹ́tà rẹ sí i létí lọ́jọ́ tí mo ní kó máa lọ, kí ó má baà rò pé èmi nìkan ni. Èmi ò tún ní máa bá ọ jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn mọ́. Kọ ọ́ sí i fúnra rẹ, kí o sì kọ orúkọ rẹ̀ sára àpòòwé. Àdírẹ́sì rẹ̀ kò ní ṣòro fún ọ, tèmi náà ni.

Ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Dosi.